Asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú oògùn dókítà: èwo ló dá Màmá Àsérò dùbúlẹ̀?

ỌmọÀsérò | Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ilé wa ti pín sí méjì lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Màmá Àsérò la máa ń pè wọ́n, aláró ni wọ́n ní Ìtọ́kú kí àìsàn tó dé. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Wọn kì í sùn lóru, wọ́n á máa bá ẹni tí a ò rí jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn lábẹ́rẹ́ kan lóṣooṣù, ó fi haloperidol oníhóró (fún ohùn yẹn náà) àti Artane (kí ara má baà le) tì í. Ká sòótọ́, ohùn yẹn lọ. Wọ́n ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wàhálà dé. Màmá ò lè gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́. Ọrùn wọn le bí igi, ọwọ́ ń gbọ̀n, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu wọn bí ọmọ tó ń hu eyín. Tí wọ́n bá dìde, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á tún padà jókòó. A sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ò ju 80/50 lọ. Dókítà bi wá pé kí ni wọ́n tún ń lò mọ́ ti òun. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Áńkù wa, àbúrò wọn ọkùnrin, ń wo àjà bí ẹni tó ń ka pákó.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí ìgò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgò omi oníke ni, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun inú rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ń ta sánsán ògógóró. Mo fi ìka kan tọ́ ọ wò. Korò! Mo jẹ ẹ̀kọ tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣì wà lórí ahọ́n mi. Áńkù ní asofẹ́yẹjẹ ni, pé ewé lásán ni, pé eléwu ni abẹ́rẹ́ òyìnbó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, èwo ló ṣe Màmá báyìí?

Ọmọ_Odò_Ògùn | 9:31 alẹ́

Kí la tún ń bi? Abẹ́rẹ́ ni. Àwọn bàbá wa ti ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè kí òyìnbó kankan tó gba abẹ́ Olúmọ kọjá. Ẹ dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró kíá.

Ìyá_Eléwéọmọ | 9:50 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á gbé Màmá dìde.

Ìwọ Ọmọ Odò Ògùn, ẹnu rẹ yá jù. Ewé àti egbò ni mò ń tà, ìyá mi tà á kí n tó tà á, mi ò sì gbọ́ ọ rí kí àgbà kan pe asofẹ́yẹjẹ ní ewé lásán. Ìyá mi kì í tà á fún ẹni tí kò bá lè sọ ẹni tó fẹ́ẹ́ lò ó. Tí o bá ní “wọ́n rán mi ni”, á ní kí ẹni tó rán ẹ wá fúnra rẹ̀. Wèrè tó ń jà, tó ń já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, òun ni wọ́n ń fún, kó lè sùn. Ó lè sùn ọjọ́ méjì gbáko. Ẹni tó ń fún un á sì jókòó tì í, á máa fún un ní ẹ̀kọ mu, á máa fọwọ́ kan àyà rẹ̀ wò. Kì í ṣe kí o gbé ìgò lé ọmọ aráyé lọ́wọ́ pé kó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́.

Orúkọ igi náà sì ti là á: à-so-fẹ́yẹ-jẹ. Èso pupa orí rẹ̀ lẹyẹ ń jẹ. Mi ò rí ẹyẹ tó ń hú gbòǹgbò.

Apòògùn_Ìbàrà | 10:22 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ ti fi ìdajì iṣẹ́ mi ṣe.

ỌmọÀsérò, kí n tó sọ nǹkan kan, dá mi lóhùn. Ǹjẹ́ imú Màmá dí láwọn ọjọ́ yẹn? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi mu inú ìgò náà? Ṣé wọ́n ní ọgbẹ́ inú tẹ́lẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dá abẹ́rẹ́ tàbí Artane dúró nítorí ohun tí wọ́n kà níbí. Dókítà tó kọ ọ́ ló lè dá a dúró.

ỌmọÀsérò | 10:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀? Imú wọn dí pátá! Ẹnu ni wọ́n fi ń mí. A rò pé ọ̀fìnkìn ni, mo tiẹ̀ ra ròòbù fún wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Áńkù ní kí wọ́n fi mu ún, ife kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ọjọ́ kẹfà ni ara wọn le. Wọn ò ní ọgbẹ́ inú.

Apòògùn_Ìbàrà | 11:35 alẹ́

Imú tó dí yẹn ló tú àṣírí. Ẹ fara balẹ̀, ó máa gùn díẹ̀.

Ohun kan wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, èèpo gbòǹgbò ló ti pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní reserpine. Láti mọ ohun tó ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣan ọpọlọ kan kì í fara kan ìkejì. Àlàfo tínńtín wà láàárín wọn. Tí èyí bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ìyẹn, kẹ́míkà ló máa tú sínú àlàfo náà, ìyẹn á gbà á, á sì ṣe ohun tí wọ́n rán an. Dopamine jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ wọ̀nyí. Inú àwọn àpò wínníwínní ni iṣan ń kó o pamọ́ sí de ìgbà tó bá máa lò ó. Reserpine á lọ rán ẹnu àpò yẹn pa. Dopamine ò ráyè wọlé mọ́, èyí tó sì kù síta, nǹkan míì wà nínú iṣan tó ń jẹ ẹ́ run. Ẹ wo gàrí tí ẹ fẹ́ dà sínú àpò, tí ẹnì kan ti lọ rán ẹnu àpò náà. Orí ẹní ló máa wà, adìẹ á ṣà á tán.

Haloperidol ní tirẹ̀ ò fọwọ́ kan àpò. Ọ̀dọ̀ iṣan tó fẹ́ gbaṣẹ́ ló ń lọ, á jókòó sórí àga tó yẹ kí dopamine jókòó sí. Abẹ́rẹ́ oṣooṣù náà, irú iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, òróró ni wọ́n pò ó mọ́ kó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ wá so méjèèjì pọ̀. Gbòǹgbò ti kó ọjà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, oògùn dókítà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ẹ́ rà. Níbo ni dopamine fẹ́ gbà?

Bẹ́ẹ̀ ìlò dopamine pọ̀ nínú orí. Níbì kan, tó bá pọ̀ jù, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn, ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò àti haloperidol fi lè lé ohùn lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbòmíì nínú ọpọlọ kan náà, òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ na, kí ẹsẹ̀ gbé, kí ọ̀fun gbé itọ́ mì. Tó bá gbẹ níbẹ̀, ara á le bíi ti ẹni tó ní àrùn Parkinson. Itọ́ Màmá ò pọ̀ sí i o, wọn ò rí i gbé mì ni.

Reserpine tún ń kó noradrenaline kúrò nínú àpò tirẹ̀, ìyẹn tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tí èèyàn bá dìde dúró. Òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, ìfúnpá já sílẹ̀, òòyì dé. Àwọn òpó inú imú náà dẹ̀, wọ́n wú, imú dí. Ọ̀fìnkìn kọ́.

Tíṣà_Ìjẹmọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:08 àárọ̀

Apòògùn, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ lè sọ ibi tí wọ́n ti mọ gbogbo èyí? Èmi mọ apá ibi tó kan ìlú wa, n ó sọ tèmi lẹ́yìn yín.

Apòògùn_Ìbàrà | 7:15 àárọ̀

Íńdíà ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìbátan asofẹ́yẹjẹ níbẹ̀, Rauvolfia serpentina, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Lọ́dún 1952, ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ reserpine jáde láti inú gbòǹgbò rẹ̀. Tiwa ń jẹ́ Rauvolfia vomitoria. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn, vomitoria: amúnibì. Àwọn ilé oògùn òyìnbó padà wá ń ra gbòǹgbò tiwa láti Áfíríkà nítorí pé reserpine inú rẹ̀ pọ̀. Ọdún 1952 yẹn náà ni àwọn dókítà ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní chlorpromazine, tí àwọn àgbà nọ́ọ̀sì ṣì ń pè ní Largactil.

Èyí tó wù mí jù ni ti ehoro. Arvid Carlsson, ará Sweden, fún àwọn ehoro ní reserpine. Wọ́n dúró sójú kan, wọn ò lè mira, etí wọn wó wálẹ̀. Ó wá gún wọn ní L-DOPA, ohun tí ara ń sọ di dopamine. Kò pẹ́, etí nà sókè, wọ́n ń rìn. Ọdún 1957 nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fura sí ohun tó ń ṣe alárùn Parkinson, L-DOPA sì ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní. Wọ́n fún Carlsson ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000. Nígbàkígbà tí mo bá rí ẹni tí oògùn mú ara rẹ̀ le, ehoro yẹn ni mo máa ń rántí.

(L-DOPA wà nínú kóró wèrèpè, ewéko tó ń yún ni lára yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ká a fún Màmá o! Ó lè dá ohùn tó ti lọ padà.)

Ọmọ_Odò_Ògùn | 7:29 àárọ̀

Ṣẹ́ ẹ rí i! Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Òyìnbó jí gbòǹgbò wa, ó sọ ọ́ di kóró oògùn, ó tún wá ń tà á fún wa. Kí wá nìdí tí kò fi yẹ ká mu tiwa lórísun?

Apòògùn_Ìbàrà | 7:44 àárọ̀

Àbúrò, mi ò bá ẹ jà lórí bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni mo ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lo reserpine oníhóró fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lóòjọ́ ò ju 0.1 sí 0.25 mílígíráàmù lọ. Tí o bá pín gíráàmù kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni mílígíráàmù. Ìdá mẹ́rin ọ̀kan yẹn ló ń mú ìfúnpá àgbàlagbà wálẹ̀. Mélòó ló wà nínú ife kékeré Màmá? Igi yìí ò dọ́gba pẹ̀lú igi yẹn, èèpo ò dọ́gba pẹ̀lú inú, èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n rẹ sínú omi. Ògógóró gan-an tún ń kun èèyàn lóorun.

Ìyá_Eléwéọmọ | 8:02 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn ló bí mi nínú jù. Ta ló ń fi ọtí rẹ ẹ́ fún ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́? Oníṣègùn gidi á kọ́kọ́ bi ẹ́ léèrè ohun tó wà nínú ẹ kó tó fún ẹ ní nǹkan.

Tíṣà_Ìjẹmọ̀ | 10:20 àárọ̀

Kí n mú ẹ̀jẹ́ mi ṣẹ.

Lántòrò ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ní Abẹ́òkúta, láti 1944. Lọ́dún 1954 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò bẹ̀rẹ̀ dáadáa lábẹ́ Thomas Adeoye Lambo. Ọmọ ìlú yìí ni, 1923 ni wọ́n bí i, ó lọ sí Baptist Boys' High School kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Bẹ́ẹ̀dì ò tíì pé nígbà yẹn. Lambo bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀. Àwọn onílé gba aláìsàn sílé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó ń se oúnjẹ fún un. Láàárọ̀ wọ́n á rìn lọ gba ìtọ́jú, lọ́sàn-án wọ́n á padà wá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á bá wọn ṣoko. Lóko bàbá bàbá mi, ọkùnrin kan ń bá wa kọ ebè, aláìsàn ni, bẹ́ẹ̀ ebè rẹ̀ ló gún jù ní gbogbo oko. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé Largactil ló ń mu.

Ibi tó kan ọ̀rọ̀ yìí ni pé Lambo ò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù. Ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, ó ń bi wọ́n ohun tí wọ́n mọ̀. Dókítà ará Canada kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Arò, Raymond Prince, kọ̀wé jáde lọ́dún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà àti òkè òkun wá ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta níbí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé dókítà á bínú tó bá gbọ́ orúkọ igi yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí. Ohun tí kò gbọ́ ni ohun tẹ́ ẹ fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Awakọ̀_Láfẹ́nwá | 1:17 ọ̀sán

Ẹ má bínú pé mo ya ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mu àgbo, mi ò mu sìgá, obì nìkan ni tèmi. Mo máa ń jẹ gbànja méjì tí mo bá fẹ́ wakọ̀ òru lọ sókè ọya. Ṣé òun náà wà lára àwọn kẹ́míkà tẹ́ ẹ ń sọ?

Apòògùn_Ìbàrà | 1:40 ọ̀sán

Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Caffeine ló wà nínú obì, irú ti kọfí. Láti àárọ̀ ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti máa ń kóra jọ nínú ọpọlọ. Tó bá pọ̀ tán, á máa kanlẹ̀kùn pé ó tó àkókò láti sùn. Caffeine á lọ dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò ní gbọ́ kíkàn mọ́, ṣùgbọ́n àlejò ò lọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Tí obì bá dá, gbogbo wọn á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, orí ìrìn ni wọ́n á sì bá yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi páàkì kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn lálẹ́: lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára yín.

Ọmọ_Odò_Ògùn | 2:05 ọ̀sán

Kò burú. Obì, kẹ́míkà. Asofẹ́yẹjẹ, kẹ́míkà. Ó kù kẹ́ ẹ ní ká má jẹ láfún.

Tíṣà_Ìjẹmọ̀ | 2:33 ọ̀sán

Ẹ̀gbá kan ò ní sọ ìyẹn! Ṣùgbọ́n o ò mọ̀ pé o sọ nǹkan. Ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun tó ń di cyanide, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin kí wọ́n tó sá a. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Ìbàdàn lọ yẹ àwọn ará Ososa wò, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, láyé 1960 síwá. Ó rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ìrìn wọn ń mì, tí ojú ń ṣú tí etí ń di. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, cyanide inú rẹ̀ ló sì fura sí. Ẹni tó ń kánjú gbé láfún ọjọ́ kan wá sọ́jà ni kẹ́ ẹ bá wí.

Bísí_Panṣẹ́kẹ́ | 4:11 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀wà tí wọ́n ń fi Sniper, oògùn apakòkòrò yẹn, sí ńkọ́? Ọdún tó kọjá, àpò ẹ̀wà tí mo rà, mo ṣí i, òórùn rẹ̀ gbá mi lójú, omi ń dà lójú mi pọ̀ọ́pọ̀ọ́. Mo dà á nù. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́.

Alábòójútó | 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Màmá Àsérò la wà lórí rẹ̀. Apòògùn, ẹ fi gbólóhùn díẹ̀ dá a lóhùn ká padà.

Apòògùn_Ìbàrà | 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ó tiẹ̀ tan mọ́ Artane tí Màmá ń lò. Òjíṣẹ́ míì wà tó ń jẹ́ acetylcholine. Òun ló ń pa á láṣẹ fún itọ́, omijé, òógùn, ìfun àti ẹran ara. Tó bá jíṣẹ́ tán, gbálẹ̀gbálẹ̀ kan wà tó ń gbá a kúrò kíá. Dichlorvos, ohun tó wà nínú Sniper, gbálẹ̀gbálẹ̀ yẹn ló ń pa. Iṣẹ́ á wá máa tún ara rẹ̀ jẹ́ láìdúró: itọ́ á ya, ojú á ṣomi, ọmọlójú á sún kì, ẹran ara á máa gbọ̀n, tó bá pọ̀, èémí á dá. Atropine ni wọ́n fi ń dá a dúró nílé ìwòsàn, kì í ṣe epo pupa. Ẹ̀wà yẹn, o ṣeun tó o dà á nù, mi ò ní fọkàn tán fífọ̀. Ọdún 2019 ni NAFDAC dá títa ìgò kékeré rẹ̀ dúró lọ́jà.

Artane ń ṣe òdìkejì: ó ń dí acetylcholine lọ́wọ́ kó lè bá dopamine tó kéré dọ́gba, kí ara má baà le. Ìdí nìyẹn tí ẹnu àwọn tó ń lò ó fi ń gbẹ. Ohun tó jọ ọ́ wà nínú gégemú tí àwọn ọmọ kan ń rẹ sínú ọtí báyìí, tí wọ́n á máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó tó.

ỌmọÀsérò | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:30 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé ìgò yẹn lọ fún dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò bínú. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní “asofẹ́yẹjẹ, àbí?”, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dá haloperidol oníhóró dúró fúngbà díẹ̀, ó sì sún abẹ́rẹ́ síwájú.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Màmá ti mu àgbo yẹn kẹ́yìn, ara wọn ṣì le díẹ̀. Áńkù ní ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe àgbo, nítorí àgbo ti kúrò lára. Wọ́n tún ti ń sunkún láìnídìí láti àná.

Apòògùn_Ìbàrà | 8:47 alẹ́

Àgbo lè kúrò lára kí ìṣe rẹ̀ má lọ. Ẹnu àpò tí reserpine bá rán, kì í tú u. Iṣan gbọ́dọ̀ hun àpò tuntun, ìyẹn sì ń gba ọjọ́ púpọ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ oṣooṣù náà ṣì wà níbẹ̀ tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní sùúrù.

Ẹkún yẹn ni kí dókítà gbọ́ lọ́la. Serotonin wà lára ohun tí reserpine ń kó lọ, ìrẹ̀wẹ̀sì sì wà lára ohun tí wọ́n ti mọ̀ mọ́ ọn láti ayé 1950.

Nọ́ọ̀sì_Ọbáńtókò | 9:05 alẹ́

Kí ẹnì kan máa sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú wọn. Ẹ bi wọ́n tààrà bóyá ó ń wá sí wọn lọ́kàn pé ayé ti sú wọn. Bíbéèrè kì í fi èrò sí èèyàn lórí. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Áńkù_Náà | 10:12 alẹ́

Èmi ni Áńkù tí gbogbo yín ti ń bú láti ọjọ́ Ajé. Ọmọ yìí ló bá mi ṣí ojú ewé tèmi.

Ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọrin nídìí ìkòkò aró. Ẹ lè gbọ́ ohùn wọn láti ìsàlẹ̀ òkè. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ aró dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á fa aṣọ yọ ní àwọ̀ ewé, wọ́n á dúró wò ó títí afẹ́fẹ́ á fi sọ ọ́ di búlúù, orin ò ní dá. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, ohùn búburú lọ, òótọ́ ni. Orin náà lọ. Wọ́n á jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ di alẹ́, ojú wọn ò ní mira. Mo sọ fún àwọn tó ń tọ́jú wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ta ló fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun di ère? Mo wá ọ̀nà ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà kan náà ni mo tún gbà wọlé.

Ìyá_Eléwéọmọ | 10:30 alẹ́

Bàbá, kò sẹ́ni tó bú yín. Ẹni tó fún yín nígò láìbèèrè ọ̀rọ̀ lèmi ń bá wí.

Nọ́ọ̀sì_Ọbáńtókò | 10:41 alẹ́

Ẹ ò jẹ̀bi nípa pé ẹ rí i, Bàbá. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn, dopamine tó lọ sílẹ̀ jù ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé “bó ṣe máa ń rí nìyẹn”. Wọ́n lè dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kù, wọ́n lè yí i padà sí oògùn míì tí kì í mú ara le tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ọ̀rọ̀ orin yẹn ni kẹ́ ẹ sọ fún dókítà, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ síbí gẹ́lẹ́. “Ara wọn ò yá” ò ní yé e tó bẹ́ẹ̀.

ỌmọÀsérò | Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Rú, 7:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Dókítà yí oògùn padà. Áńkù ló bá wọn lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ọrùn Màmá ti rọ̀, ìfúnpá 118/76, ẹkún ti dá. Ohùn ò padà wá. Wọn ò tíì kọrin o. Ṣùgbọ́n lánàá, mo fi ìkòkò aró sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé láìdé e, wọ́n jókòó nínú pálọ̀, wọ́n pariwo pé ta ni òpònú tó ṣí aró òun sílẹ̀ fún òjò. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní kí n ra obì wá. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn mi.

Apòògùn_Ìbàrà | 7:31 alẹ́

Awẹ́ kan. Láàárọ̀.